Ìpín Ọmọ Nínú Ìkòkò

Ẹni tó bá wọ ilé olóúnjẹ ní Bódìjà lọ́wọ́ ọ̀sán yóò rí bí wọ́n ṣe ń bu àbùlà. Àmàlà kọ́kọ́ balẹ̀ sínú abọ́, gbẹ̀gìrì tẹ̀lé e, ewédú bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọbẹ̀ ata gun orí wọn, kí ẹran, ṣàkì tàbí ẹja tó wá jókòó sókè. Onímọ̀ oúnjẹ tó bá yẹ abọ́ yìí wò kò ní rí nǹkan púpọ̀ fi kún un. Èlùbọ́ ń fún ara lágbára. Ẹ̀wà inú gbẹ̀gìrì ń mú ara dàgbà. Epo pupa gbé èròjà tí ara ń sọ di fítámì A dání, ewédú mú ti inú ewé wá, ẹran sì mú èyí tó ṣòro jù láti rí nínú oúnjẹ wá, ìyẹn síǹkì àti èròjà irin tí àwọn dókítà ń pè ní àyọ́ọ̀nù.

Ẹ wá wo ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tó jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ nídìí abọ́ yẹn. Òkèlè kékeré ni wọ́n gé fún un, wọ́n fi kan ewédú fẹ́rẹ́ kó lè yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì fi omi lé e. Ẹran ńkọ́? Wọ́n ní eyín rẹ̀ kò tíì gbó. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ata ti kàn án. Ẹja ńkọ́? Egungun lè há a lọ́fun. Nígbà tí abọ́ fi máa mọ́, àmàlà àti omi ni ọmọ jẹ, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní, “Ó ti yó.”

Ohun tí orí yìí fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn tuntun, láti Agbowó títí dé Challenge, oúnjẹ tó yẹ ọmọ wà nínú ìkòkò, abọ́ ọmọ ni kì í dé. Àwọn ilé kan wà tí ìkòkò fúnra rẹ̀ ṣófo, a ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oúnjẹ wà.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni gíga wọn kò tó ti ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, iye náà ti di 40. Ìhà tiwa níbí sàn ju àríwá lọ, ṣùgbọ́n sísàn ju ẹlòmíràn lọ yàtọ̀ sí dídára. Ìwádìí 2018 yẹn náà ló sọ pé láàárín àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́tàlélógún, 11 péré nínú 100 ló ń jẹ oúnjẹ tó tó, tó sì pé oríṣi, bó ṣe yẹ kí ọmọ máa jẹ ẹ́ lójúmọ́. Tó bá jẹ́ pé òṣì nìkan ló fà á, ọmọ olówó kì bá tí sí nínú 89 tó kù. Wọ́n sì wà níbẹ̀.

Ikùn ọmọ kéré ju bí a ti rò lọ. Ó ń gba nǹkan bí mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà wọ̀n. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó wọ̀n kílò mẹ́jọ kò lè gbà ju mílílítà 240 lọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn kò pé ìdajì omi inú ọ̀rá kan. Bẹ́ẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ń mu ọmú dáadáa ṣì nílò nǹkan bí kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ. Tó bá di oṣù mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, ó di 300. Láti ọdún kan sí méjì, ó di 550. Ibi tí ikùn ti kéré tí ohun tí ara ń bèèrè sì pọ̀, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ki.

Ògì tí ìyá ọmọ pò kì í ki. Wọ́n máa ń pò ó kó máa ṣàn, nítorí wọ́n gbà pé èyí tó ṣàn ló rọ ọmọ lọ́rùn. Bí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù mẹ́jọ nínú mílílítà 100, kálórì inú rẹ̀ kò ju bíi 32 lọ. Bí ọmọ oṣù mẹ́jọ wa bá mu ún títí ikùn rẹ̀ fi yọ, kò tíì gbé tó 80 mì. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni yóò yó kẹ́ri kó tó kó 200 jọ, ibo ni ọmú máa gbà wọlé? Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí gíráàmù oúnjẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kálórì kan. Ògì ṣíṣàn kò dé ìdajì rẹ̀. Ó ṣe ni láàánú pé àtúnṣe rẹ̀ kò le rárá: ṣíbí tíì kan epo pupa, tí kò ju mílílítà márùn-ún lọ, gbé nǹkan bíi kálórì 40 wá. Ìyẹn ni pé ṣíbí kan ṣoṣo lè sọ ife ògì kékeré kan di méjì láìfi omi kankan kún un. Kí epo náà ṣì pupa o. Èyí tí a dáná sun títí ó fi funfun, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọbẹ̀ ọ̀fadà kan, ti pàdánù èròjà fítámì A inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògì kò tíì parí. Àwọn tó ń ṣe é mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ohun tó kù lórí aṣọ ni èérí. Inú èérí yìí ni èèpo àgbàdo àti púpọ̀ nínú ojú hóró rẹ̀, ibi tí ọ̀rá àti ọ̀pọ̀ èròjà amáradàgbà rẹ̀ ń gbé, máa ń bá lọ. Ta ni wọ́n ń fún? Ewúrẹ́. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì ní Ìbàdàn, ara ewúrẹ́ máa ń dán. Èmi kò bá ewúrẹ́ jà, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ẹni tó gba ìpín tó dára jù.

Kì í ṣe pé kí a pa ògì tì. Kíkan rẹ̀ ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́, ó rọrùn láti rí, ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kó má dá wà. Èròjà amáradàgbà inú àgbàdo kù díẹ̀ káàtó, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní lysine kò pọ̀ nínú rẹ̀. Lysine pọ̀ nínú ẹ̀wà dáadáa, èyí tí ẹ̀wà sì ṣaláìní pọ̀ nínú àgbàdo. Àwọn ìyá wa tí wọn kò rí inú yàrá àyẹ̀wò rí ti so àwọn méjèèjì pọ̀ tipẹ́: ògì àti àkàrà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ohun tí àgbàlagbà ń jẹ ní àárọ̀ Sátidé yìí ni ká dín ata rẹ̀ kù kí a tẹ̀ ẹ́ pa fún ọmọ. Mọ́ínmọ́ín tí a fọ́ sínú ògì kíki, tí a bu epo díẹ̀ sí, ọmọ oṣù mẹ́jọ lè jẹ ẹ́ láìwá ohunkóhun nínú agolo. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbẹ̀gìrì. Bó bá ti jinná, kí ata tó bọ́ sí i, ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀.

Sóyà náà ní ìtàn ní ìlú yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ọ̀nà Mọ́níyà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Ìbàdàn bí wọ́n ṣe lè lo sóyà nínú oúnjẹ ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìwọ̀nba ọjà ló ń tà á. Lónìí ẹni tó bá rìn gba Agbowó kọjá nírọ̀lẹ́ á bá àwọn tó ń din wàrà sóyà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní beske, tí ata ràn lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò mọ̀ pé oúnjẹ ìwádìí ni. Wọ́n kàn mọ̀ pé ó dùn, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti ẹran lọ. Tí a kò bá fi ata sí i, ọmọ ọdún kan lè jẹ ẹ́. Wàrà gidi tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà dára náà, àfi kí a tún un sè tàbí kí a din ín kí ọmọ tó jẹ ẹ́.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, gbogbo ohun tí a ń sọ yìí kò kan ọmọ. Ọmú nìkan ni, láìsí omi, láìsí àgbo. Òùngbẹ ni àwọn màmá àgbà máa ń fi já wa níyàn, wọ́n á ní oòrùn Ìbàdàn ń mú, ọmọ ń yán hànhàn. Ó tó bíi 87 nínú 100 ìdá omi ọmú tó jẹ́ omi lásán. Ọmọ tó bá gbẹ́nu lé ọmú ti rí omi mu, omi tí kò gba inú páìpù tó já tàbí kànga ẹgbẹ́ ṣaláńgá kọjá.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àṣà kan tí àwọn ìwé ìlera kì í sábà mẹ́nu kàn, ìyẹn rírọ ọmọ. Kò tíì kúrò nílẹ̀. Ìyá tàbí màmá àgbà yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, yóò da ẹ̀kọ tàbí àgbo sínú ọwọ́ náà, bí ọmọ bá sì yarí, yóò dí i nímú kó lè gbé e mì. Ewu rẹ̀ hàn: ọmọ tó ń ké lè fa ẹ̀kọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Apá kejì rẹ̀ ni a kì í rò. Oúnjẹ tí a lè rọ gbọ́dọ̀ ṣàn. A kò lè rọ ẹ̀wà, a kò lè rọ iṣu tí a tẹ̀ pa, a kò lè rọ ẹ̀dọ̀ tí a gún. Bí ọwọ́ bá ti jẹ́ abọ́ àti ṣíbí, omi ni oúnjẹ máa jẹ́. Ilé tó bá gba ṣíbí, tó sì gbà kí ọmọ jókòó, kó ya ẹnu fúnra rẹ̀, ilé náà yóò rí i pé oúnjẹ ọmọ ń ki sí i láìsí ẹni tó ṣòfin. Ó ń gba àkókò o. Ọmọ yóò tutọ́ díẹ̀ jáde, yóò fi ọwọ́ pa á mọ́rí, yóò gbá abọ́ dànù. Bó ṣe ń kọ́ jíjẹ nìyẹn.

Ní ti ẹran àti ẹyin, àṣà ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà láìgbọ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé, kódà ní ilé tí fíríìjì wà.

“Ìyàwó, odindi ẹyin fún ọmọ yìí? Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ lólè ni?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Nọ́ọ̀sì ló ní ká máa fún un.”

Kí a má yára fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí adìyẹ mẹ́ta bá wà ní agbo ilé, tí ẹyin wọn sì jẹ́ owó àti irú ọ̀la, ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin lè lọ gbọ́n ìtẹ́ adìyẹ. Òfin ètò ọrọ̀ ajé ni, a wá fi ìwà wọ̀ ọ́ láṣọ. Agbo ilé yẹn ti kúrò nílẹ̀, ẹyin ti di ohun tí a ń rà ní kéréètì, òfin náà ló ṣẹ́kù. Ẹyin kan gbé nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà èròjà amáradàgbà, ó tún ní èyí tí ọpọlọ fi ń dàgbà. Láti oṣù mẹ́fà ni ọmọ ti lè jẹ ẹ́, kó ṣáà ti jinná dénú.

Ìpín ẹran náà ní ìlànà tirẹ̀: ti bàbá tóbi, ti àlejò tẹ̀lé e, ti ìyá kéré, ti ọmọ jẹ́ èyí tí eyín fà ya. Àwọn àgbà fúnra wọn rí i pé ìkà wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àánú wà nínú òwe náà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: àjẹkù ṣì ni ti ọmọ. Bí àgbà bá rántí ni ọmọ jẹ ẹran, bí kò bá rántí, igbá òfìfo ni ọmọ yóò bá.

Ìmọ̀ kò bá òwe lọ níbí. Irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ kì í sábà kọjá oṣù mẹ́fà, omi ọmú kò sì ní irin púpọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, nígbà tí ọpọlọ ń yára dàgbà jù, ni ara ọmọ ń pòǹgbẹ irin ju ti bàbá rẹ̀ lọ, bí a bá fi ìwọ̀n ara wọn wé ara. Irin inú ẹran àti ẹja ń wọ ara kíákíá. Ti inú ewé àti ẹ̀wà ń lọ́ra, àyàfi bí ẹran díẹ̀, tàbí ọsàn, tàbí tòmátì, bá bá a rìn. Nítorí náà kì í ṣe ẹran ńlá ni a ń wá. Ẹ̀dọ̀ tí kò ju ìka méjì lọ, tí a sè, tí a gún, tí a pò mọ́ iṣu, ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Ẹja ṣàwá tí a yọ egungun rẹ̀ tán ń ṣe é, edé tí a fọ iyanrìn rẹ̀ tí a lọ̀ kúnná sì ń fi kún un. Àwọn ìyá kan ní Ìbàdàn gbà pé málítì tí a lú mọ́ mílíkì ń fúnni lẹ́jẹ̀. Pupa tó ń pupa ló tàn wọ́n. Ṣúgà ló pọ̀ nínú málítì, mílíkì sì ń dí irin lọ́wọ́ kó má wọ ara. Ẹ̀dọ̀ ló ń fúnni lẹ́jẹ̀.

Bí ẹ bá ti bu oúnjẹ, ẹ bu ti ọmọ kékeré ṣáájú, kí ẹ sì ki ṣíbí bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, níbi tí ẹ̀wà àti ẹja rì sí. Kó ní abọ́ tirẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tó ń jẹun nínú àwo kan dùn ún wò, ó sì ń kọ́ wọn ní ìfẹ́, ṣùgbọ́n ẹni ọdún méjì kò lè sáré bá ẹni ọdún mẹ́fà, ìyá kò sì lè mọ iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń jẹ tó? Kì í ṣe ojú. Ojú abiyamọ ń ti inú ìfẹ́ wo ọmọ. Ohun tí ayé ń lò láti fi mọ̀ ọ́n lónìí, ilẹ̀ wa níbí ló ti jáde. Ní 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Iṣẹ́ gbé e dé Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan láàárín àwọn òkè ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọn àwọn ọmọ ìlú láti ìgbà ìbí, oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Wọ́n rí i pé ọmọ Ìmẹ̀sí ń dàgbà dáadáa ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, tí oúnjẹ bá wá yẹ kó bá ọmú rìn, ìwọ̀n rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú kan. Àìsàn bíi èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi á wá bá a níbi tó ti rẹ̀ ẹ́.

Morley ya káàdì kan. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gòkè, nọ́ọ̀sì á sì máa fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ láàárín wọn. Ó pe àlàfo àárín ìlà méjèèjì ní ọ̀nà ìlera. Ohun méjì ló mú káàdì náà yàtọ̀. Èkíní, ìyá tí kò mọ̀wé lè kà á, nítorí ohun tó ń gòkè ń gòkè, ohun tó dúró dúró. Èkejì, ọwọ́ ìyá ni káàdì wà, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ìgbà náà bẹ̀rù pé wọ́n á sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá fi í sínú ọ̀rá, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Láti Ìmẹ̀sí ni irú káàdì yẹn ti tàn káàkiri ayé. Morley kú ní 2009. Kódà ìwé tí nọ́ọ̀sì ń fún ìyá ọmọ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Agbowó tàbí ní Òrítamẹ́fà, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ti Ìmẹ̀sí.

Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìbàdàn ti sọ ọ́ di ìwé abẹ́rẹ́. Wọ́n ń gbé e lọ títí di abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, wọ́n á sì fi sínú àpótí, wọn kì í sì í wá wọn ọmọ mọ́ títí yóò fi di àkókò ilé ẹ̀kọ́. Oṣù kẹsàn-án gan-an ló yẹ kí wíwọn le sí i, nítorí láti ibẹ̀ ni ìlà ti máa ń tẹ́. Bí ìwọ̀n ọmọ kò bá gòkè fún oṣù méjì tẹ̀lé ara wọn, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ọmọ ń ṣeré.

Mo ní a ó dé ọ̀dọ̀ ìkòkò tó ṣófo. Ìyá tó ń gbé yàrá kan ní Agbowó, tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọ̀kadà, lè bi mí pé ẹ̀wà wo ni mò ń sọ. Ó tọ̀nà. Láàárín 2023 sí 2024, owó ẹ̀wà ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó ń ra kóńgò kan ní Bódìjà tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń ra agolo mílíkì, àní ọjà tí ọkọ̀ ẹ̀wà ti òkè ọya ń já sí gan-an nìyẹn. Gáàsì tí a fi ń sè é náà gbówó lórí. Ìmọ̀ràn ìjẹun tí kò bá mọ èyí, ìwàásù ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìpín ọmọ ọdún kan kò pọ̀: ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan tí a rẹ mọ́jú, kó lè tètè jinná, tó o lójúmọ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ṣì wà lára ohun tó rọjú jù ní ọjà. Nígbà máńgòrò àti ìbẹ́pẹ, fítámì A fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ní ìwọ̀nba owó kí ó ná an sórí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kó tó kan ti àgbà. Owó kékeré tí a fi ra bísíkíìtì àti ṣúìtì lójoojúmọ́, bí a bá kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ kan, á ra ẹyin mélòó kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní díbọ́n pé ìṣirò yìí yanjú ọ̀rọ̀ ilé tí owó iṣẹ́ kò dé. Ìjọba ni ìyẹn kàn.

Nǹkan kan wà tí ọjà pọ́ọ́kú máa ń gbé wá tí ojú kì í rí. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí wọn kò gbẹ dáadáa máa ń bu, olú tó ń hù lára wọn sì ń tú májèlé kan jáde tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Síse kì í pa á. Ní 2002, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ 480 ní Benin àti Togo, àwọn ìbátan wa lójú ọ̀nà Kétu. Wọ́n rí àmì májèlé náà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú 100, àwọn tí májèlé náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló sì kúrú jù. Ti àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú ga ju ti àwọn tó ṣì ń mu ún lọ, nítorí àgbàdo ló rọ́pò ọmú. IITA tó wà nílùú wa ti ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè fọ́n sóko láti dá olú yìí dúró, Aflasafe ni orúkọ rẹ̀. Ní ilé, iṣẹ́ màmá àgbà ni oògùn rẹ̀: ká tẹ́ àgbàdo sórí àtẹ, ká ṣa èyí tó bu, tó dúdú tàbí tó hunjọ dànù kó tó di ògì, ká má sì fi ẹ̀pà tó korò lọ oúnjẹ ọmọ. Ẹ̀pà odindi kò yẹ ọmọ ìsàlẹ̀ ọdún márùn-ún rárá, ó lè há a lọ́fun. Oyin náà, kí ọdún kan pé kó tó kàn án.

Ní Ring Road àti Challenge, ìṣòro náà gba ojú ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, bàbá àti ìyá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọmọ ọdún méjì ti wà ní krẹ́ṣì ní aago méje, kúlà rẹ̀ sì gbé indómì, bísíkíìtì àti ohun mímu alápò. Mi ò dá ìyá náà lẹ́bi. Indómì ń jinná kí ọkọ̀ tó dé, ọmọ sì ń jẹ ẹ́ láìsí ẹjọ́. Kí ó má jẹ́ òun nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fọ́ ẹyin sí i, kí wọ́n rẹ́ ẹ̀fọ́ sí i, kí wọ́n lo ìdajì ohun amọ́bẹ̀dùn inú ọ̀rá kékeré rẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti ohun mímu, ẹ wo ara ìgò. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìwọ̀n 50cl sábà máa ń gbé nǹkan bíi gíráàmù 50 ṣúgà, bíi hóró ṣúgà méjìlá. Ìjọba fúnra rẹ̀ fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orí ní 2022, owó náà kéré débi pé ọmọ kankan kò mọ̀ pé nǹkan yí padà. Ọmọ tó ń mu ún lójoojúmọ́, ebi oúnjẹ kì í pa á mọ́, eyín rẹ̀ sì ń jẹrà. Omi ló yẹ kó wà nínú ìgò ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àìsàn ń fẹ́ oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣe é, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS àti oògùn síǹkì ni, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá fún síǹkì náà kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró, ọmú kò sì gbọ́dọ̀ dá dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, oúnjẹ kan sí i lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìwọ̀n rẹ̀ tó jábọ́ lè padà sókè.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní okùn ìwọ̀n kan tí wọ́n ń fi wé apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí apá òkè rẹ̀ bá tó 12.5 sẹ̀ǹtímítà, ó bọ́ sí àwọ̀ ewé. Bí kò bá tó 11.5, ó bọ́ sí pupa, ìtọ́jú kíákíá sì ni. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí okùn lè má mú, èyí tó sì ń tan ìdílé jẹ: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí wọ́n ń sọ pé ó sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò tí ojú ibẹ̀ ṣì jin, ẹ má rò ó pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà àti ẹyin tún un ṣe nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.